Ìrora Ẹsẹ̀ Tó Ń Lọ Tí A Bá Dúró

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń rìn, tí ẹ dúró díẹ̀ tí ìrora náà lọ, tí ẹ tún rìn tó tún padà dé, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ má sọ pé àgbà ló dé. Ẹ má sì fi nǹkan gbígbóná lé e, ẹ dákun. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Obìnrin kan wà tí kò mọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tirẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ilé yín ló kàn.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó lé lórí, áyọ́ọ̀nù méjì, irin gbọọrọ kan tí aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ máa ń rọ̀ sí, àti fèrèsé kan tó kọjú sí títì. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé tó kà kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Bó bá wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó lè sọ bóyá ẹni tó wọ̀ ọ́ rí oorun sùn.

Ọ́fíìsì iná ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń ka mítà. Kò ní kẹ̀kẹ́, kò ní ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá Ẹ-kúulé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ẹnu ọ̀nà tó lè kọjá kó má dúró kí onílé. Kì í sì ṣe kíkí ojú ayé. Á béèrè ọmọ, á béèrè ìyá arúgbó, á béèrè bí òrùlé tó ń jò lọ́jọ́sí ti ṣe wá rí. Àwọn ènìyàn a máa wí pé, “Ọmọlúàbí nìyẹn. Irú wọn ò pọ̀ mọ́.”

Ìyàwó rẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀, títí ọkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó wọlé.

Aránṣọ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ilé wọn. Ẹnu obìnrin yìí yára ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan ó fi orí wọ ojú fèrèsé.

“Ìyá, ẹ jókòó ti áyọ́ọ̀nù yín o. Ẹni tó ń kí gbogbo ayé báyẹn, ó ní ẹnì kan tó ń kí ju àwọn tó kù lọ.”

“Ta ni?”

“Ṣé èmi ni mo mú un lọ ni? Mo kàn rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé funfun ìsàlẹ̀ yẹn ni. Ó fi ọwọ́ ti ògiri bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá tọrọ ìfẹ́. Mo lọ ra òwú, mo bọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.”

“Ọkọ mi? Pẹ̀lú ewú orí rẹ̀ yẹn?”

“Hẹ̀n. Ewú kì í ṣe ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.”

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun. Ní ọjọ́ kejì, ó di aṣọ díẹ̀, ó gbé e rù bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ fún oníbàárà, ó sì ń tọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn láti òkèèrè.

Ohun tó rí kò jọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ọkọ rẹ̀ rìn dáadáa kọjá ilé díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó dúró, ó kí onílé kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan ti lọ sí ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka tẹ ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tó yá, ó gbéra. Kò tíì dé ìkóríta tó tún dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é lọ, títí ó fi dé iwájú ilé funfun náà.

“Ẹ kúulé o!” ó kígbe. “Ẹ kú ìrọ́jú o! Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀kùn náà. Àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, àgádágodo náà sì ti dípẹtà. Koríko ti hù dí ojú ọ̀nà. Kò sí ènìyàn kankan nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ ń kí.

Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Bàbá.”

Ọkùnrin náà ta gìrì. “Kí lo wá ṣe níbí?”

“Mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ni.”

“Oníbàárà wo ló wà lápá ibí?”

“Ẹ̀yin náà, ta ni ẹ ń kí nínú ilé tí wọ́n tì pa?”

Ọkùnrin náà wo àgádágodo náà. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ ti fún pọ̀, òógùn sì wà níwájú orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì mú.

“Ẹsẹ̀ yìí ni,” ó wí níkẹyìn. “Tí mo bá ti rìn díẹ̀, á dì. Á dà bí ẹni pé ẹnì kan ń lọ́ ọ, bí o ṣe máa ń lọ́ aṣọ tí o fẹ́ fún omi inú rẹ̀. Tí mo bá dúró, á tú. Tí mo bá tún rìn, á tún dé.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Kí ni kí n sọ? Ọ̀gá wa ti wí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e mọ́, kó lọ jókòó sílé. Mítà mélòó ló wà nílé wa tí n ó máa kà?”

Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn méjèèjì lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàwó ti ń fi òróró ìpara ra ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tó ń ta bí ata ló rà, ó gbà pé èyí tó bá ta ló máa ṣiṣẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún un pé làpálàpá ló ń pa? Inú òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ni àìsàn wà, awọ ara lásán ni òun ń kùn.

Ó ní oníbàárà kan, nọ́ọ̀sì ni, ní ọsibítù ńlá. Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì yìí ń ṣe kò wọ́pọ̀: ó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé inú ẹran ara nígbà tí ènìyàn bá ń rìn tàbí tó ń ṣe eré ìdárayá. Nígbà tó wá kó aṣọ funfun rẹ̀, alágbàfọ̀ ń ká a lọ́ra, kò tètè gbé e fún un.

“Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ni mo mọ̀ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Tó bá rìn, á dùn ún. Tó bá dúró, á lọ.”

“Ẹni náà ń mu sìgá?”

Alágbàfọ̀ bojú wẹ̀yìn kó tó dáhùn. “Ó ń mu ún.”

“Ó ní àtọ̀gbẹ?”

“Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa.”

Nọ́ọ̀sì gba aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ mú ọkọ yín wá.”

“Èmi ò sọ pé ọkọ mi ni.”

“Ẹ ṣáà mú un wá.”

Ariwo ló fi gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ní bí kò bá lọ, òun á lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, òun á sọ pé ilé àgádágodo ló ń kí. Ọkọ bínú, ṣùgbọ́n ó lọ.

Yàrá tí wọ́n mú wọn wọ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìrìn kan, èyí tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ tí ènìyàn á sì máa rìn lójú kan, àti ẹ̀rọ kan tó dà bí tẹlifíṣọ̀n kékeré. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ mú bàbá dùbúlẹ̀. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní apá rẹ̀, ó sì tún wọn ọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó mú ohun dúdú kékeré méjì, wọn ò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ó fi báńdéèjì dè wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ojúgun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Iná pupa kékeré ń tàn lábẹ́ wọn.

“Kò ní gún yín, kò ní jó yín,” ó wí. “Ìmọ́lẹ̀ yìí ń wọ inú ara, ó sì ń padà jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú dání, pupa rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí ẹran ara ti gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pupa rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ yìí mọ ìyàtọ̀ wọn. Òun ló máa sọ fún mi bí afẹ́fẹ́ ṣe kù sí nínú ẹran ẹsẹ̀ yín.”

Bàbá Ẹ-kúulé rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà ń ka mítà nìyẹn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Bí wọ́n bá pa gbogbo iná ilé kan, ṣé ẹ lè mọ̀ bóyá wáyà tó ń gbé iná wọlé lágbára?”

“Rárá o. Ó dìgbà tí wọ́n bá tan nǹkan.”

“Ẹ ṣé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀. Bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀ yìí, ẹran ẹsẹ̀ yín kò béèrè ohun púpọ̀, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ lè tó o. Ìgbà tí ẹ bá ń rìn ló ń béèrè. Bí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ bá ti dí, ìgbà yẹn la máa mọ̀. Ẹ dìde ká tan iná ilé yín. Tó bá dùn yín, ẹ sọ. Ẹ má ṣe akin o.”

Ọkùnrin náà gun ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di báàgì rẹ̀ mú ní àyà. Ìlà méjì ń lọ lójú ẹ̀rọ kékeré náà. Nọ́ọ̀sì ní ti òkè jẹ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti òsì.

Bàbá ń rìn. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó béèrè bóyá nọ́ọ̀sì lọ́mọ, ó béèrè ẹni tó kun ògiri yàrá náà. Ìlà òkè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àmọ́ lórí ẹ̀rọ yẹn, kò sí ilé kankan tó lè dúró kí.

“Bàbá, ó ń dùn yín.”

“Kò dùn mí.”

“Ẹsẹ̀ yín ti sọ fún mi.”

“Ẹsẹ̀ mi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.”

Ó tún gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì di irin ẹ̀rọ náà mú gírígírí. “Ẹ dá a dúró,” ó wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró.”

Ẹ̀rọ dúró. Ìlà òkè gun padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń fà bọ̀ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Alágbàfọ̀ ń wò ó. Kò mọ ohun tí ìlà ń sọ, ṣùgbọ́n ó ti fi ojú rí ohun tó ṣubú tí kò tètè dìde.

Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó. “Bàbá, òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òsì yín ti dí gan-an. Àkọ́kọ́ ni ti sìgá…”

“Ìyá ilé,” ọkọ já ọ̀rọ̀ náà gbà, “lọ bá mi wá omi mímu.”

Ìyàwó jáde. Nígbà tó máa fi gbé omi dé, ọ̀rọ̀ ti tán. Nọ́ọ̀sì wo bàbá, bàbá wo ilẹ̀.

“Bàbá ní àwọn á fúnra wọn bá yín sọ ọ́,” ni nọ́ọ̀sì wí. Ó tún wo bàbá kó tó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó béèrè. “Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní ó rẹ ẹsẹ̀ náà ni.”

“Ó rẹ̀ ẹ́ báwo?”

“Ó rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ṣé kì í rẹ ìwọ náà ni?”

Ó yẹ kó tún béèrè. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Nígbà tó ń fọ ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó bá oògùn nínú àpò rẹ̀, páálí rẹ̀ kò tíì ṣí. Ó wò ó títí. Ó nù ún gbẹ, ó dá a padà sí àpò nígbà tó lọ aṣọ náà tán, kò sì sọ nǹkan kan. Èsì tó lè gbọ́ ń bà á lẹ́rù ju àìmọ̀ lọ. Ó ṣì ń gbọ́ òórùn sìgá lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn náà, kò sọ ọ́.

Ọkọ ń bẹ̀rù ọ̀gá, ìyàwó ń bẹ̀rù ọkọ, ẹsẹ̀ sì wà láàárín wọn, ebi afẹ́fẹ́ ń pa á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, aṣọ pọ̀ lórí tábìlì. Ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ńṣì nínú yàrá náà.

“Ẹsẹ̀ yìí tutù,” ó wí. “Bí irin ló ṣe tutù.”

Ìyàwó fi ọwọ́ kan án. Òótọ́ ni. Èkejì lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tutù láti kókósẹ̀ dé ọmọ ìka.

“Ẹ sùn, Bàbá. Èmi á tọ́jú rẹ̀.”

Oorun sì gbé e lọ. Alágbàfọ̀ rò ó nínú ara rẹ̀: wọ́n ní ó rẹ ẹsẹ̀, ohun tó bá rẹ̀, ooru ló ń tú u. Ohun tó mọ̀ jù láyé sì ni ooru. Ó mọ èyí tí sílíìkì ń fẹ́, ó mọ èyí tí aṣọ òwú ń fẹ́, kò tíì jó aṣọ oníbàárà rí. Ó mú táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi gbóná dáadáa, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi wé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ojú rẹ̀. Bó bá gbóná jù, ó ní, á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọkùnrin náà kò mira. Ó ń hanrun jẹ́jẹ́. Inú ìyàwó dùn. Nígbà tí táwẹ́ẹ̀lì tutù, ó tún lọ̀ ọ́, ó tún wé e.

Nígbà tó tú u kẹ́yìn, awọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà ti lé, omi wà nínú rẹ̀. Ti ọmọńdinrín ìka ti bó.

Igbe rẹ̀ ló jí ọkọ.

“Kí ló dé? Ta ló kú?”

“Bàbá, ṣé kò dùn yín?”

“Kí ni kò dùn mí?”

Ó dìde jókòó, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ó fi ìka tẹ ibi tó bó. “Mi ò mọ̀ ọ́n lára,” ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì náà. Áyọ́ọ̀nù ṣì ń gbóná lórí tábìlì, kò sí ẹni tó rántí pa á.

Egbò tó yẹ kó jinná kò jinná. Ọkọ ń wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, ó ń wọ bàtà, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó ń fọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ti fọ òórùn òógùn, ó ti fọ òórùn ẹja, ó ti fọ aṣọ aláìsàn. Òórùn tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ yìí kò jọ ìkankan nínú wọn. Lọ́jọ́ tí ọmọńdinrín ìka náà dúdú bí èédú, kò bẹ ọkọ mọ́. Aránṣọ bá a pe ọkọ̀, àwọn méjèèjì gbé e wọ inú rẹ̀. Aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bá wọn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Wọn ò ní kó rìn lórí ẹ̀rọ lọ́tẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì de ohun kékeré náà mọ́ ọn bó ṣe dùbúlẹ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan tí ẹsẹ̀ ń ṣe, síbẹ̀ ìlà rẹ̀ wà nílẹ̀. Dókítà wá, ó wò ó. Ó ní àwọn á gbìyànjú láti la òpó ẹ̀jẹ̀ náà, àmọ́ ó ti pẹ́. Àwọn ìka ẹsẹ̀ náà ti kú. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á gé e lábẹ́ orúnkún kí ikú inú rẹ̀ má baà gun òkè.

Nọ́ọ̀sì fa alágbàfọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ìyá, iná ló jó ẹsẹ̀ yìí. Mo sọ fún bàbá lọ́jọ́ yẹn pé kí ohun gbígbóná má kàn án. Ṣé wọn ò sọ fún yín?”

“Wọ́n ní ó rẹ ẹsẹ̀ ni.”

“Kò sí nǹkan mìíràn?”

“Kò sí.”

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó mú un jókòó.

“Ẹran ara tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, kò lè gbé ooru kúrò, kò sì lè wo egbò sàn. Àtọ̀gbẹ sì ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ pé ó ń jó. Ká ní kò sí egbò yìí ni, ọ̀nà wà, ìyá. Ká ní bàbá fi sìgá sílẹ̀, kó lo oògùn rẹ̀, kó máa wá síbí ká jọ máa kọ́ ẹsẹ̀ náà ní ìrìn. Èèyàn á rìn títí á fi dùn ún díẹ̀, á dúró kó tú, á tún rìn. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa wá ọ̀nà mìíràn gbà. Mo ti rí àwọn tí ìlà wọn gòkè padà.”

“Kíkí tó ń kí ènìyàn kiri yẹn ńkọ́?” alágbàfọ̀ béèrè. “Ó ń rìn, ó ń dúró.”

“Ó sún mọ́ ọn, ìyá. Bó bá jẹ́ pé àwa la jọ ń ṣe é ni.”

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́. Ìrora ẹsẹ̀ tó ń dé pẹ̀lú ìrìn tó sì ń lọ pẹ̀lú ìdúró, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá wọn ọ́n níbi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí tí wọ́n ní kò sí nǹkan, tí ó sì ń dùn yín bí ẹ bá ń rìn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wọn ọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ìrora pamọ́ fún ẹni tó ń wọn yín. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lo oògùn rẹ̀, kó sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, títí kan àárín ọmọ ìka. Ẹsẹ̀ tó tutù, ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ fún un. Omi gbígbóná, áyọ́ọ̀nù, ìgò omi gbígbóná, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kàn án. Egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná, tàbí ìrora tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn, ẹ má fi dọ̀la. Bí ẹsẹ̀ bá sì ṣàdédé funfun, tó tutù, tó ń roni gidigidi, ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí dókítà bá sọ fún yín, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín nílé. Ẹni tí ẹ ò sọ fún, ìfẹ́ ló máa fi pa yín lára.

Nígbà tí bàbá lè jókòó, nọ́ọ̀sì wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn aláìsàn mìíràn wà nínú yàrá náà, àwọn ará ilé wọn ń wò. Ìyàwó jókòó lórí àga, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ibi tí ẹsẹ̀ òsì ti tán.

“Bàbá,” nọ́ọ̀sì wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ènìyàn yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lè fi yín kọ́gbọ́n. Ta ló fi ooru sí i?”

Alágbàfọ̀ gbé orí sókè. Ó ti la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Iná ló jó mi,” ó wí.

“Iná wo, bàbá? Níbo lẹ wà?”

Ọkùnrin náà wo nọ́ọ̀sì, ó wo àwọn tó ń tẹ́tí. Kò fi ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri.

“Èyí tí mo sọ yẹn ti tó. Ẹ má bi mí mọ́, mi ò ní dáhùn.”